Ta Ló Ni Ẹgbẹ́? Òwò àti Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá ní Ìbàdàn, 1960 sí 1998

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí eré ìdárayá ṣe di òwò ní Nàìjíríà, ọdún 1990 tí líìgì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni a sábà máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìtàn Ìbàdàn fi hàn pé owó ti wọ inú eré ṣáájú ìgbà náà. Ṣùgbọ́n owó ẹni tó ni ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe owó tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ pa.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ pápá ìṣeré Liberty sí Ring Road, wọ́n sì ṣí i ní 1960. Níbẹ̀ ni Dick Tiger ti ṣẹ́gun Gene Fullmer ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, 1963, nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò aṣíwájú àgbáyé.

Ìjọba kan náà ló gbé bọ́ọ̀lù ró. Ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Shooting Stars kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ WNDC, àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn, kó tó di IICC, àjọ ìjọba mìíràn tó wà fún ìdókòwò àti owó yíyá. Orúkọ IICC yìí ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ nígbà tí Muda Lawal, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti àwọn akẹgbẹ́ wọn gba African Cup Winners' Cup ní 1976. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà rí ṣáájú wọn.

Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, Leventis, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú kan náà. Leventis United gba ife FA ní 1984 àti 1986, ó sì gba líìgì ní 1986. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fà sẹ́yìn, ẹgbẹ́ náà túká. Gbogbo ife tó gbà kò lè gbà á là. Ní ti Shooting Stars, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń bọ́, ó gba CAF Cup ní 1992, ó sì tún gba líìgì ní 1995 àti 1998.

Àwọn Yorùbá ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Orúkọ oníléeṣẹ́ rí bẹ́ẹ̀ lára ẹgbẹ́: ọjọ́ tí olówó bá béèrè ṣòkòtò rẹ̀, ìhòòhò dé. Ohun tó gba Shooting Stars là ju owó ìjọba lọ. Àjọ tó ń fún un lórúkọ yí padà, síbẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn ń pè é ní tiwọn, ìjọba tó bá sì pa á tì yóò jíhìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ìjọba ń bọ́ kì í tètè kọ́ bí a ṣe ń bọ́ ara ẹni. Àwọn òǹwòran tó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀ lábẹ́ òfin. Níbẹ̀ ni ìṣòro òwò eré ìdárayá ní Ìbàdàn fìdí kalẹ̀ sí.