Ọtí, Òfin àti Ọ̀wọ̀: Ìtàn Oṣù Ààwẹ̀ Láàárín Àwa Ará Òkè-Oyì

Láti ọwọ́ Alukoro Ẹgbẹ́

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ nípa ẹgbẹ́ wa, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nípa ọjọ́ tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 2015 àti owó tí a kọ́kọ́ dá. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká ní ọdún 2022. Ọ̀rọ̀ ọtí ni. Àwọn kan ní kí n má ṣe kọ ọ́. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ìtàn tí a kò bá fi ọwọ́ ara wa kọ, ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ tiwa, ẹ jẹ́ kí n rántí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà wá bá wa, nítorí kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

LÁTI AYÉ ÀWỌN BABA WA

Ọtí kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Kí bíà tó dé, ẹmu wà, ọtí ọkà bàbà wà, ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe náà wà. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà kì í ṣe àjèjì. Kí Ìlọrin tó di ìlú tí Ẹ́míà ń jọba lé lórí ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn Mùsùlùmí ti wà ní Òkè-Sùnnà lábẹ́ Sólàgbérú. Láti ìgbà Ṣéù Àlímì ni Ìlọrin sì ti di ilé ìmọ̀ kéwú tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Síbẹ̀, adẹ́mu kò fi igbà rẹ̀ sílẹ̀ ní oko. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé, oníkálukú mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọdọ̀ dé.

Òfin ìjọba tó de ọtí líle ní gbogbo Òkè Ọya kò ti ọwọ́ Ẹ́míà kankan wá. Òyìnbó ló ṣe é. Ní ọdún 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe àdéhùn kan ní ìlú Brussels pé ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn ènìyàn kì í ti í mu ọtí líle, yálà nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìdí mìíràn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o wọlé. Nígbà tí Lugard bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso Òkè Ọya ní January 1, 1900, ọ̀nà yìí ló tẹ̀lé. Ìhà ibí Odò Ọya ni Ìlọrin wà, ṣùgbọ́n mọ́ Òkè Ọya ni wọ́n kà wá. Bí jìnnì tí wọ́n ń tà ní gbangba ní Èkó àti Ìbàdàn ṣe di èèwọ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ní Gúúsù, owó ibodè tí ìjọba ń gbà lórí ọtí líle ni igi lẹ́yìn ọgbà àpò ìjọba. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀ débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní ọdún 1909. Ní Àríwá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ní ọtí líle yóò ba ọmọ onílẹ̀ jẹ́. Rélùwéè láti Èkó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Ọkọ̀ kan náà ló ń gbéra ní ilẹ̀ tí jìnnì ti jẹ́ owó ìjọba, tó ń gúnlẹ̀ ní ilẹ̀ tí jìnnì ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí ìjọba. Èmi tí iṣẹ́ báńkì ni mò ń ṣe, mo mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ọjà kan bá ní iye méjì ní ẹ̀gbẹ́ méjì ààlà. Òfin náà kò tún wá de òyìnbó fúnra rẹ̀. Àwọn aláṣẹ tó ní kí ọmọ onílẹ̀ má fi ẹnu kàn án ń mu tiwọn nínú ọgbà wọn ní ìrọ̀lẹ́.

Ní 1919, àdéhùn mìíràn tí wọ́n ṣe ní Saint-Germain-en-Laye ní ilẹ̀ Faransé fi òfin de jìnnì olówó pọ́ọ́kú ní gbogbo agbègbè wa, títí kan Gúúsù. Kí ni àwọn ènìyàn ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹmu pọn ògógóró nínú igbó. Ìjọba ń fọ́ ìkòkò wọn, ọlọ́pàá ń kó wọn, wọ́n sì ń pọn ọ́n lọ. Nígbà tó di 1949, bíà Star ti ń jáde láti ilé iṣẹ́ ní Èkó. Bí ọtí ìgò ṣe di ohun tí ẹni tó bá ní owó lè rà láìsá pamọ́ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kò sí òfin kankan lórí èyí ní Kwara. Ó wà. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960, èyí tí Ìpínlẹ̀ Kwara jogún nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní May 27, 1967, sọ ní abala 403 pé Mùsùlùmí tó bá mu ọtí, tí kì í bá ṣe fún ìwòsàn, lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù kan gbára tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju pọ́n-ùn márùn-ún lọ. Ẹ fi owó yẹn wé iye ìgò kan lónìí. Láti ìgbà tí mo ti dáyé ní agbègbè yìí, n kò tíì rí ẹnì kan tí wọ́n tìtorí abala náà gbé lọ sí kọ́ọ̀tù.

OHUN TÍ MO RÍ NÍ KANO

Ní 1999 ni Zamfara kéde Ṣàríà. Kò pẹ́ tí ìpínlẹ̀ méjìlá ní Àríwá fi gbà á. Niger, tó wà ní òdìkejì afárá Jẹ́bà, wà lára wọn. Kwara kò sí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ Ṣàríà tiwa, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ogún ló ń gbọ́ jù.

Ní 2004, Kano ni wọ́n rán mi lọ gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Kano ṣe òfin tó ka ọtí léèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Èmi kì í mu ọtí. Mọ́ọ̀tì ni tèmi. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo gbọ́ Haúsá díẹ̀ nínú àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé, nítorí náà èmi ni wọ́n máa ń bẹ̀ kí n bá wọn béèrè ọ̀nà. Ààwẹ̀ ọdún náà bọ́ sí October sí November. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ibi gbogbo tí wọ́n ti ń tà á: Sabon Gari, níbi tí àwọn àlejò láti Gúúsù ń gbé láti ayé òyìnbó, àti ọjà inú bárékè àwọn sójà, tí Hísbà kì í dé. Náílọ̀n dúdú ni wọ́n fi ń wé ìgò. Ife tíì ni àwọn mìíràn fi ń mu ún.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni àwọn tí mo bá níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Gúúsù nìkan. Àwọn ọmọ ìlú náà wà níbẹ̀, wọ́n fi fìlà bo ojú. Òfin kò gba ìgò lọ́wọ́ wọn. Ó kàn gba ìtìjú lọ́wọ́ wọn ni, nítorí ohun tí ènìyàn bá ti ń ṣe ní kọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò wò ó lójú mọ́. Ní February 2020, nígbà tí mo ti padà sílé tipẹ́, mo gbọ́ pé Hísbà Kano fọ́ ìgò ọtí tó sún mọ́ 2,000,000. Ọdún kẹrìndínlógún òfin náà nìyẹn. Mo bi ara mi pé, ta ni wọ́n ń kó gbogbo ìyẹn lọ fún?

KÌ Í ṢE TI MÙSÙLÙMÍ NÌKAN

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Mùsùlùmí nìkan ló ń ṣe irú òfin yìí. Ilẹ̀ Ireland, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn Guinness, jẹ́ ilẹ̀ Kátólíìkì. Ní 1927, ìjọba wọn ṣe òfin pé gbogbo ilé ọtí gbọ́dọ̀ tì ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ní ọjọ́ Kérésìmesì àti ní ọjọ́ Patrick Mímọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn kan sílẹ̀: ẹni tó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́ lè mu ní ibùdó ọkọ̀. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn láìní ibi tí wọ́n ń lọ. Ní ọjọ́ Patrick Mímọ́, ibi ìfihàn ajá ní Dublin ni wọ́n ti lè rí ọtí rà. Ẹni tí kò ní ajá, tí kò fẹ́ràn ajá, yóò wá wo ajá. Wọ́n yọ ọjọ́ Patrick Mímọ́ kúrò nínú òfin náà ní 1960. Ti Ọjọ́ Ẹtì Rere kò kúrò títí di 2018.

Kano àti Dublin jìnnà síra, ẹ̀sìn wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìwà ọmọ ènìyàn kò yàtọ̀.

ÀJÍǸDE ỌDÚN 2022

Ó wá kan àwa. Láti ìgbà tí a ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni a máa ń ṣe àpèjẹ wa, nítorí pé àwọn ará ẹ̀yìn odi máa ń wálé, ìsinmi sì ni. Tábìlì méjì ló máa ń wà, ti ọlọ́tí àti ti ẹlẹ́rìndòdò. Kò sí ìjà rí. Ní 2022, Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní April 2, Àjíǹde sì bọ́ sí April 17. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Àjíǹde bọ́ sínú ààwẹ̀ láti ìgbà tí ẹgbẹ́ wa ti wà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé March ọdún náà rántí. Àwọn kan ní kí a ṣe é bí a ti ń ṣe é. Àwọn kan ní kí a gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ní Ìlọrin, níbi tí ojú ará ilé kò tó. Ẹnì kan ní kí a rọ ọtí sínú agolo mọ́ọ̀tì. Ọ̀kan béèrè pé, ṣé ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ni a dá sílẹ̀ ni? Òmíràn dá a lóhùn pé, ṣé ẹ fẹ́ kí a máa fi ààwẹ̀ gbóòórùn ọtí ni? Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ènìyàn mẹ́fà dìde, wọ́n jáde, wọn kò sì san owó oṣù mọ́.

Ẹni tó là wá kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ìyá kan tó ń ta ọtí lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́bà ni, onígbàgbọ́ ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti máa ń ra ọtí àpèjẹ wa. Alága rán èmi àti akápò lọ bá a pé kí ó bá wa gbé ọtí náà wá lálẹ́. Nígbà tí a débẹ̀, ó ti kó àga wọlé, ó ti ta aṣọ sí ẹnu ọ̀nà, àkàrà àti ẹ̀kọ ló ń tà fún àwọn tó fẹ́ ṣínu. A kúnlẹ̀ kí i, a sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán wa. Mo bi í pé, “Màmá, ta ló ní kí ẹ ti ilé ọtí yín?”

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ní kí n tì í. Àwọn tó ń ná mi ní oṣù mọ́kànlá lebi ń pa ní oṣù kan yìí. Ojú mi ò gbà á kí n máa ṣí ìgò níwájú wọn. Bó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ló ní kí n tì í ni, ẹ̀yìnkùlé ni ǹ bá ti máa tà á fún yín.”

A kò ra nǹkan kan ju àkàrà lọ. Akápò kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni a gbé padà sí ìpàdé. Onígbàgbọ́ ni ẹni tó dábàá ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa títí di òní: ẹgbẹ́ kò ní í gbé ọtí síta nínú oṣù Ramadan, ní oṣù mọ́kànlá tó kù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè ohun tó wà nínú ife rẹ̀. Mùsùlùmí ló dá tirẹ̀ lé e: a kò ní í pe ìpàdé mọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn Mùsùlùmí ni yóò sì ra màlúù Àjíǹde. Ní ọjọ́ Ajé yẹn, lẹ́yìn ìṣínu, gbogbo wa jọ jẹun ní tábìlì kan. Ní 2023 àti 2024, Àjíǹde tún bọ́ sínú ààwẹ̀. Kò sí ẹni tó tún jiyàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa kà nínú ìwé yìí nìyẹn. Òfin Lugard, ti Kano àti ti Ireland kọ́ àwọn ènìyàn ní ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí. Tiwa kò ní ọlọ́pàá, kò ní ìtanràn, kò sì sí ẹni tó sá lọ síbì kankan, nítorí pé àwa fúnra wa la fi ohun kan sílẹ̀ fún ara wa.

Ìdánwò mìíràn ń bọ̀. Bí a bá ka oṣù bó ti yẹ, ní 2031 àti 2032, Kérésìmesì yóò bọ́ sínú Ramadan. A ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Kí Ọlọ́run dá wa sí, kí ọ̀rọ̀ má tún yà wá lẹ́nu.

Nínú àwọn mẹ́fà tó jáde ní 2022, márùn-ún ti padà. Ẹnì kan kò tíì padà. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, òun ló kọ́kọ́ dá owó nínú ẹgbẹ́ yìí. Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ̀, kí ó mọ̀ pé bí a ti ń jà, bí i ká kú kọ́. A kò tíì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé, àga rẹ̀ sì wà ní ìlà iwájú ní ọjọ́ ayẹyẹ yìí.