Ohun tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Oògùn

Ní Ọ̀mù-Àrán tí wọ́n bí mi sí, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé bá wú, tí eyín rẹ̀ ń mì, tí ojú rẹ̀ ń yọ síta, ilé alágbo ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Bí abẹ́rẹ́ ọsibítù bá wá mú un lọ sílẹ̀, tó tún padà wú, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, torí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ìyàwó di ọ̀tá ìyálé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tó wà ní Kampala, ló kọ̀wé nípa àìsàn yìí, tó jẹ́ jẹjẹrẹ, ní 1958. Ibi tí ooru àti òjò ti pọ̀, tí ibà kì í fi ọmọdé sílẹ̀, ló ti ń jà jù, bíi tilẹ̀ Ìgbómìnà wa. Ọsibítù UCH ní Ìbàdàn náà tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Oògùn cyclophosphamide ṣe bẹbẹ. Ọmọ tí kò lè panu dé, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti ń jẹ ẹ̀kọ. Àwọn kan bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Àwọn mìíràn, ó padà. Ní Uganda, John Ziegler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé èyí tó bá tètè padà kì í sábà gbọ́ oògùn àkọ́kọ́ mọ́, àmọ́ èyí tó bá pẹ́ kó tó padà ṣì ń gbọ́. Òmíràn a máa sá sínú ọpọlọ, níbi tí oògùn inú ẹ̀jẹ̀ kì í dé dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gún oògùn methotrexate sí ọmọ ní ọ̀pá ẹ̀yìn, kó lè dé ibẹ̀.

Ní 1976, Peter Nowell ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà bí jẹjẹrẹ ṣe ń yí padà. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rẹ̀ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n bó ti ń bí sí i ni àyípadà ń wọ àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọn kò fi jọra mọ́. Bí oògùn bá dé, ó lè pa ẹgbàágbèje. Ìwọ̀nba tí kò ràn ló ń ṣẹ́kù, àwọn ló sì ń di ìran tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé.

A mọ irú rẹ̀ lára ibà. Chloroquine tí gbogbo wa ń gbé mì tẹ́lẹ̀, tó ń yún wa lára, pa kòkòrò ibà títí ó fi ku àwọn tí kò ràn. Ní 2005, ìjọba Nàìjíríà fi artemether àti lumefantrine rọ́pò rẹ̀: oògùn méjì pọ̀, kí èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan lè kó sọ́wọ́ èkejì. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ń lo cyclophosphamide pọ̀ mọ́ vincristine àti methotrexate. Ìyá tó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ti padà bọ̀ sípò á máa ka owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ní Ìlọrin sí ìnáwó asán. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù ń pọ̀ sí i, òun ló sì jẹ́ kí àwọn dókítà máa fún ọmọ ní gbogbo ìpele oògùn náà pé, bí wíwú tilẹ̀ ti pòórá.