Ọ̀rinrin, Ọyẹ́ àti Èémí: Ìtàn Àìsàn Ẹ̀dọ̀fóró ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbi tí igbó ti ń tán lọ tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò le, irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í fún un nísinmi. Òjò a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, kì í sì í dáwọ́ dúró pátá títí di oṣù kẹwàá. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àárọ̀ a máa kọjá ìdá 80 nínú 100. Tó bá di oṣù kejìlá, ọyẹ́ a ti aṣálẹ̀ Sàhárà dé, ètè a là, gìgísẹ̀ a sán, ọ̀rinrin ọ̀sán a sì já wálẹ̀ sí ìdá 30 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan tó ní ikọ́ fée, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní asímà, bá ní òjò ni ọ̀tá òun, aládùúgbò rẹ̀ lè ní ọyẹ́ ni tòun. Irọ́ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ láàárín àwọn oníṣègùn. Ní nǹkan bí ọdún 1190, Maimonides, oníṣègùn Júù tó fi Íjíbítì ṣe ibùgbé, kọ ìwé kan fún ọmọ ọba tí èémí ń dà láàmú. Alexandria, ìlú etí òkun tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, ni ọmọ ọba náà ń gbé. Maimonides yin afẹ́fẹ́ gbígbẹ Cairo fún un. Kò dúró síbẹ̀, ó sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó sọ̀rọ̀ oorun, ó tún ní kó máa mu omi ọbẹ̀ adìẹ. Ní 1698, John Floyer, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí asímà ti bá fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ odidi ìwé kan lórí àìsàn náà, ó sì ka ojú ọjọ́ mọ́ àwọn ohun tó ń ru ú sókè. Henry Hyde Salter, alásímà bíi tirẹ̀, gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1860. Tirẹ̀ ló wù mí jù. Ó kíyè sí i pé ibi tó tu aláìsàn kan lára lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èkejì: àwọn kan ń mí dáadáa láàárín èéfín Lọ́ńdọ̀nù, afẹ́fẹ́ oko tó mọ́ tónítóní ló sì ń dí wọn láyà. Kọfí líle ló ní kí wọ́n máa mu, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí èròjà inú kọfí jẹ́ mọ̀lẹ́bí theophylline tí àwọn dókítà wá ń lò fún asímà lẹ́yìn ìgbà náà.

Ìmọ̀ràn pé kí aláìsàn kó lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ dára fún ọmọ ọba. Kí ni ìyá tó ń yan gàrí l'Ógbómọ̀ṣọ́ fẹ́ fi ṣe? Bó bá sá fún ọ̀rinrin lọ sókè Ọya, eruku ọyẹ́ ni yóò pàdé lọ́hùn-ún. Nítorí náà, inú ilé àti inú ilé ìdáná ni ìtàn àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti wáyé jù ní agbègbè wa.

Ní ọjọ́ tí ooru bá mú tí òjò sì ṣú tí kò rọ̀, àwọn aláìsàn a máa sọ pé atẹ́gùn kò sí. Ìṣirò rẹ̀ rèé. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ọ́síjìn tó nǹkan bí ìdá 21 nínú 100. Bí ooru bá dé 35°C, tí afẹ́fẹ́ sì fa omi mu débi tí kò lè gba ẹ̀kán kan sí i mọ́, omi náà kò ní í ju ìdá 6 lọ, ọ́síjìn yóò sì kù díẹ̀ kó pé ìdá 20. Ẹni tó bá lọ kí ará ní Jọ́ọ̀sì, ìlú tó ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200, pàdánù ọ́síjìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Atẹ́gùn wà. Òógùn ni kò ráyè gbẹ lára: nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti yó fún omi, ara kò rí ọ̀nà tú ooru dànù, ọkàn a máa sáré, èémí a máa yá, ẹni tí kò ní èémí àlékún kankan á wá di ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àga tó jókòó sí.

Ohun mìíràn tún wà. Ní 2012, Don Hayes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kentucky, Amẹ́ríkà, ní kí alásímà mẹ́fà tí tiwọn kò le máa mí afẹ́fẹ́ 49°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ tó ìdá 75 sí 80 fún ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Agídí tí ọ̀nà èémí wọn ń bá afẹ́fẹ́ ṣe lọ sókè ní ìdá 112 nínú 100, ti àwọn tí ara wọn le kò sì ju ìdá 22 lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn aláìsàn náà ní ipratropium fà símú, ọ̀nà èémí wọn kò dí mọ́. Èyí fi hàn pé iṣan ìmọ̀lára inú ọ̀nà èémí ló ń gbọ́ ooru náà tó sì ń pàṣẹ kí ọ̀nà há. Ènìyàn mẹ́fà kéré lóòótọ́, ooru 49°C kì í sì í ṣe ti ìgbà òjò wa. Abẹ́ páànù tí kò ní sílìn, lọ́sàn-án oṣù kẹta, ló lè fẹ́ sún mọ́ ọn.

Páànù yìí kò tíì pẹ́ lórí ilé wa. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ààfin Aláàfin láyé àtijọ́, ọdún Bẹẹrẹ sì wà nítorí rẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà tó ṣiṣẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́ tó sì parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, kọ nípa ọdún náà. Òrùlé koríko lórí ògiri amọ̀ a máa tutù lọ́sàn-án, èéfín sì ń rí àyè yọ́ jáde láàárín koríko. Àmọ́ kí a má ṣe fi irọ́ yin ayé àtijọ́: yàrá wọn kéré, ó ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní fèrèsé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi gba ara wọn là, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ti ń gba atẹ́gùn. Ilé búlọ́ọ̀kù tó dé lẹ́yìn náà ní fèrèsé, ṣùgbọ́n olè àti ẹ̀fọn kì í jẹ́ ká ṣí i lóru. Níbi tí wọn kò bá ti fi nǹkan dínà omi ní ìpìlẹ̀, omi a máa ti ilẹ̀ gun ògiri, ọ̀dà a lé ròrò, ìsàlẹ̀ ògiri a sì bu dúdú lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Aṣọ tí a sá sínú yàrá nítorí òjò ń fi omi kún omi.

Ìlú olómi mìíràn ni ìmọ̀ tó ṣe kókó nípa ọ̀rinrin inú ilé ti wá. Ní Leiden, nílẹ̀ Netherlands, láàárín ọdún 1960 sí 1969, Reindert Voorhorst àti Frits Spieksma fi hàn pé kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, tó ń gbé inú eruku ilé, ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ikọ́ fée. Èépá ara ènìyàn ni oúnjẹ rẹ̀. Kì í fi ẹnu mu omi. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń fa omi sára, ìdí nìyẹn tí kò fi lè pẹ́ láyé níbi tí ọ̀rinrin bá ti lọ sílẹ̀ ju ìdá 50 lọ. Ọyẹ́ tí à ń bú ló ń pa á. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ rẹ̀ tó ti gbẹ, tó ti di lẹ́búlẹ́bú nínú fóòmù àti ìrọ̀rí, kò bá a kú, ọyẹ́ yóò sì máa fẹ́ ẹ káàkiri. Ẹni tó bá gbé fóòmù rẹ̀ sóòrùn nígbà tí òòrùn bá yọ, tó sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ ìbùsùn, ti ṣe nǹkan fún oṣù mélòó kan tó ń bọ̀.

Òjò fúnra rẹ̀ náà lè pani lọ́nà mìíràn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjì òjò kọjá lórí Melbourne ní Ọsirélíà. Ọ̀rinrin òjò náà fọ́ àtíkè òdòdó koríko sí wẹ́wẹ́ tó lè wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sáré lọ sílé ìwòsàn lójú kan náà, ènìyàn mẹ́wàá sì kú. Àwọn kan nínú wọn kò mọ̀ rí pé àwọn ní asímà.

Èéfín ni mo fi sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo gbà pé ó burú jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀yìnkùlé ni ààrò wà, èéfín sì ń bá atẹ́gùn lọ. Òjò dé, iná wọ abẹ́ ilé, igi tutù, igi tútù kì í sì í jó kí ó má rú èéfín. Obìnrin tó ń yan gàrí tẹrí ba sórí agbada láti àárọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún irú iṣẹ́ yìí, ọ̀nà èémí lè há lọ́nà tí oògùn kò lè ṣí pátá mọ́. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní COPD. Nílùú òyìnbó, sìgá ni wọ́n ń ka sí ìdí rẹ̀ jù lọ. Ìwádìí tí Daniel Obaseki, Gregory Erhabor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, bá ọ̀nà èémí tó há bẹ́ẹ̀ lára ìdá 7.7 nínú 100 àwọn tó ti lé lógójì ọdún, ní ìlú tí sìgá kò wọ́pọ̀ bíi ti òkè òkun. Ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀: ó lè san tán, kí àpá tó dá sínú ẹ̀dọ̀fóró má lọ. Ní Ìbàdàn, Christopher Olopade àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ dán sítóòfù ọtí ẹtánọ́ọ̀lù wò pẹ̀lú aboyún 324 tí wọ́n ń fi kẹrosíìnì tàbí igi dáná. Èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba sítóòfù tuntun dára ju ti àwọn yòókù lọ. Èéfín kì í dúró sínú àyà nìkan.

Ìtọ́jú ilé ìwòsàn pẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà níbẹ̀ láti 1855 tí T. J. Bowen ti débẹ̀, Dókítà George Green sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn ní 1907. Ilé ìwòsàn tó ti ibẹ̀ jáde ló di ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen lónìí. Nílé, orógbó, àgbo àti òrí tí a fi pa àyà ni àwọn àgbà gbójú lé. Òrí pípa máa ń tu ni lára, kò sì léwu. Fífi orí bo ìkòkò àgbo kí ooru rẹ̀ lè wọ imú ni kí alásímà ṣọ́ra fún, nítorí irú ooru àti ọ̀rinrin tí wọ́n fi dán àwọn ará Kentucky wò ló ń fi sí ojú ara rẹ̀.

Ínhélà alátẹ̀ tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ ní 1956, nílé iṣẹ́ Riker ní Amẹ́ríkà. Salbutamol, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ventolin aláwọ̀ búlúù, dé ọjà ní 1969 láti ọwọ́ David Jack àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Beclometasone tó ń pa wíwú inú ọ̀nà èémí tẹ̀ lé e ní 1972. Èyí búlúù ni aráàlú fẹ́ràn, nítorí kíákíá ló ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣí ọ̀nà, kò wo wíwú náà, débi pé láti 2019 ni GINA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìtọ́jú asímà káríayé, ti ní kí àgbàlagbà má ṣe dá a lò mọ́ láìsí oògùn tó ń dín wíwú kù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GSK, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Ventolin, kéde pé òun ń kógbá kúrò ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí iye Ventolin fi lé ní ìlọ́po méjì, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ lò, ìfọ́n kan láàárọ̀ dípò méjì. Ìfọ́n kan yẹn náà, ọ̀fun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ tààrà sẹ́nu.

Ọ̀rinrin máa ń ba oògùn alátíkè tí wọ́n ń fà símú jẹ́, nítorí àtíkè inú rẹ̀ a máa dì mọ́ra. Kò yẹ kó wà nínú ilé ìwẹ̀, kò sì yẹ kéèyàn mí èémí ẹnu rẹ̀ sínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí oògùn, abẹ̀bẹ̀ náà kì í ṣe ohun àrífín: ní 2010, Galbraith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé atẹ́gùn tí fáànù ọwọ́ kékeré ń fẹ́ sí ojú, ní àyíká imú àti ẹnu, ń dín ìmọ̀lára àìrí-èémí kù. Ìyẹn wúlò fún ìlú tí iná ń lọ lójijì. Kò ní í ṣí ọ̀nà èémí tó há, kò sì yẹ kó dá ẹnikẹ́ni dúró láti lọ sílé ìwòsàn bí ètè bá ti ń dúdú tàbí tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí.

Fún ẹni tí kò rówó ra ike ìfàsímú tí wọ́n ń so mọ́ ínhélà, Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town ti rí ọ̀nà ní 1999: ìgò omi oníke ti ìdajì lítà. Wọ́n fi wáyà gbígbóná lu ihò sí ìdí ìgò náà, tó bá ẹnu ínhélà mu géẹ́, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀, aláìsàn á sì fi ẹnu sí ẹnu ìgò, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa mí díẹ̀díẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọdé tí wọ́n dán an wò tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rẹ̀yìn sí èyí tí ilé iṣẹ́ ń ṣe. Wọn a kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìgò náà kí oògùn má baà lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, wọn kì í sì í fi aṣọ nù ún. Ẹ̀fúùfù ló máa ń gbẹ ẹ́, ìyẹn sì lè gbà ju òru kan lọ ní oṣù kẹjọ l'Ọ́yọ̀ọ́.