Gbéborùn: Ewéko Tó Gba Ọ̀sà Lọ́wọ́ Bàbá Àgbà Mi

Àwọ̀n mẹ́rin ni bàbá àgbà mi so mọ́ abẹ́ òrùlé ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí i kí wọ́n sọ ọ̀kankan nínú wọn kalẹ̀ rí. Nígbà tí olùkọ́ ìtàn wa ní kí oníkálukú lọ wádìí ohun kan tó yí ìdílé rẹ̀ padà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ nípa ogun, nípa oyè àti nípa ẹjọ́ ilẹ̀. Èmi lọ bá bàbá àgbà, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi pa iṣẹ́ ẹja tì?" Wọn kò tilẹ̀ ronú kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, "Gbéborùn ni."

Gbéborùn ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ará etí omi fún ewéko tí àwọn Òyìnbó ń pè ní water hyacinth. Ẹni tó bá mọ bí gbéborùn ṣe ń ṣe láàárín àdúgbò á mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: kò sí ilé tí kì í yà, kò sì sí ibi tí kì í dé. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, igi ewé rẹ̀ wú bí àlùbọ́sà, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó rì. Òdòdó rẹ̀ elésè-àlùkò lẹ́wà púpọ̀. Ẹwà yẹn gan-an ló bá a rin ìrìn àjò.

Etí odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé níbi ìpàtẹ ńlá kan ní New Orleans ní 1884 ni àwọn èèyàn ti gbà á lọ sílé fún ẹ̀ṣọ́, tí wọ́n dà á sínú adágún, tí ó sì bọ́ sódò. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kò fi rí ọ̀nà kọjá mọ́ ní Florida àti Louisiana. Ní 1899, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní kí àwọn ológun onímọ̀-ẹ̀rọ lọ máa kó o kúrò lójú odò. Wọ́n gé e, wọ́n da májèlé sí i, májèlé náà sì ń pa màlúù. Ní 1910, aṣòfin Robert Broussard tilẹ̀ mú àbá wá pé kí wọ́n lọ kó erinmi wá láti ilẹ̀ Áfíríkà kí wọ́n máa jẹ ẹ́! Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á. Àbá náà kò di òfin. Ẹ wo erinmi tí ì bá máa rìn kiri ní Louisiana lónìí.

Ewéko náà tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà ní tirẹ̀. Ó dé odò Congo láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n rí i lórí odò Náílì Funfun ní Sudan ní 1958. Nígbà tó yá, ó gba ọ̀sà Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ kan. Ní 1984 ni wọ́n rí i ní Àgbádárìgì, ó gba ojú omi Àjàṣẹ́ wọlé.

Bàbá àgbà gbà pé àwọn ará Kútọnu ló tì í sí wa. Mo bá wọn jiyàn díẹ̀ lórí èyí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní 1984 yẹn, ìjọba ológun wa ti ti ẹnubodè ilẹ̀ pa. Ọlọ́jà kò lè kọjá, ọkọ̀ kò lè kọjá. Ewéko náà kọjá. Kò sí aṣọ́bodè tí ó bi í pé níbo ni ìwé rẹ̀ wà, nítorí omi kan náà ni omi Àjàṣẹ́ àti omi Àgbádárìgì. Bàbá gbọ́ mi, wọ́n mi kanlẹ̀, wọ́n ní ọmọ ìwé ni mí.

Wọ́n ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ rí i, àwọn rò pé irú ojú-oró kan ni. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ojú-oró àti òṣíbàtà wà nínú àdúrà wa, pé ká máa lékè bí wọ́n ṣe ń lékè omi. Ta ni yóò bẹ̀rù ewé tó ń léfòó? Ṣùgbọ́n tí omi bá gbóná, tí oúnjẹ sì pọ̀ nínú rẹ̀, gbéborùn lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó bo ojú omi, oòrùn kò wọlé, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi dínkù. Ní apá Èkó, omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á sì pa ewéko náà. Ṣùgbọ́n ọ̀sà Lekki tó wà ní ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀. Ibẹ̀ sì ni bàbá àgbà ń dẹ ìgèrè sí.

Ní ọjọ́ kan, ó há wọn mọ́ láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀. Ewéko náà wọ́ mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ wọn, àjẹ̀ kò sì lè là á. Wọ́n ń rí ilé lọ́ọ̀ọ́kán, wọn kò lè dé ibẹ̀. Ìyá àgbà, tí wọ́n ń ta ẹja lọ́jà Olúwo nígbà náà, dúró sétí omi pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo, wọ́n ń sunkún, wọ́n rò pé ọkọ àwọn ti kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ta ọkọ̀ náà. Bàbá mi, tí ì bá jogún rẹ̀, lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Ìyẹn ni pé ewéko kan ló jẹ́ kí n jẹ́ ọmọ wẹ́dà. Ìyá àgbà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí mo bi wọ́n. Wọ́n kàn ní àwọn obìnrin ló jẹ gbèsè náà.

Mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mo ka ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 1999 ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin 365 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nínú ìdílé 192 ní abúlé 24. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nígbà tí ewéko náà pọ̀ jù lọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù 84 dọ́là ló ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn bí 200,000 lọ́dọọdún. Àwọn ọkùnrin pàdánù ẹja, àwọn obìnrin pàdánù ọjà. Ìyá àgbà mi kò kà nínú 365 náà, ṣùgbọ́n èsì kan náà ni wọ́n fún mi.

Ohun tó dín in kù níbẹ̀ kéré ju èékánná lọ. Kòkòrò kan ni, ó fara jọ èyí tí ń jẹ àgbàdo nínú àpò, ó ní ẹnu gígùn. Ìlú ewéko náà lòun náà ti wá. Ó ń ha ojú ewé jẹ, ọmọ rẹ̀ sì ń lu ihò wọ inú igi ewé títí omi yóò fi wọ̀ ọ́ tí yóò rì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi dán an wò bóyá yóò jẹ irè oko, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní Florida ní 1972. Ní 1991, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn níbí, tú u sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Kò pa gbogbo ewéko náà tán. Ó sọ ọ́ di ìyọnu kékeré, owó bíi mílíọ̀nù 30.5 dọ́là sì ń padà sọ́wọ́ àwọn èèyàn lọ́dọọdún.

Àwọn kan nínú kíláàsì wa ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kí ìjọba ṣáà kó kòkòrò sódò. Èmi kò gbà. Ẹ wo adágún Victoria. Wọ́n tú kòkòrò kan náà síbẹ̀ ní 1995 láti apá Uganda, nígbà tí yóò fi di ọdún 2000 ojú omi ti mọ́ púpọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ewéko náà tún padà. Irúgbìn rẹ̀ lè sùn sínú ẹrẹ̀ fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdọ̀tí ilé àti ajílẹ̀ oko ṣì ń ṣàn wọ inú adágún náà, oúnjẹ rẹ̀ ni. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò Working for Water ní 1995, wọ́n gba àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ láti gé igi àjèjì kúrò létí odò. Òkè odò ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí irúgbìn tí a bá fi sílẹ̀ lókè ni yóò ṣàn wá bá ibi tí a ti ro.

Tiwa ń kọ́? Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn bọ̀ láti Èkìtì, ó gba Òṣogbo, ó gba oko lóríṣiríṣi, inú ọ̀sà Lekki ló sì ń parí ìrìn rẹ̀ sí. Láti 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún agbègbè odò Ògùn àti Ọ̀ṣun. Ẹni tó pín iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé odò kì í ṣe ti ìlú kan. Àmọ́ bàbá àgbà rántí àwọn òṣìṣẹ́ kan tó gbé ẹ̀rọ wá sí etíkun wọn nígbà kan. Wọ́n kó gbéborùn jọ bí òkè sétí omi, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Òjò ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú omi.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo bẹ bàbá àgbà pé kí a jọ lọ sí etí omi. Mo fa gbéborùn kan yọ, mo yẹ ewé rẹ̀ wò. Ojú rẹ̀ kún fún àpá kéékèèké bíi pé ẹnì kan fi èékánná ha á. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Wọ́n ní, "Kí ló jẹ ẹ́?"

Mo jókòó tì wọ́n lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.