Kọ́ọ̀pù Òmìnira: Ìtàn Ọdún 1960 ní Òrò

Kọ́ọ̀pù tánganran kan wà nílé bàbá mi ní Òrò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi mumi. Ẹnu rẹ̀ ti ṣí, ìdí rẹ̀ sì ti dípẹtà, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fojú sí i dáadáa, yóò rí asíá aláwọ̀ ewé àti funfun lára rẹ̀, yóò sì rí ọdún 1960 tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ilé-ìwé ni wọ́n ti fún bàbá mi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá bá ti pé, a ó gbé e jáde, a ó nù ún, a ó sì gbé e sórí tábìlì. Ìtàn kọ́ọ̀pù yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lóṣù yìí.

Kí n tó máa bọ̀, ẹ jẹ́ kí n yanjú ọ̀rọ̀ kan. Òrò tí mò ń wí yìí kì í ṣe Orò tí obìnrin kì í rí o! Kì í sì í ṣe Òrò-Àgọ́, ìlú Ìgbómìnà mìíràn nìyẹn. Òrò tiwa wà lẹ́bàá Èsìẹ́ àti Òmù-Àrán, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Kì í tún ṣe ìlú kan ṣoṣo, àkójọ ìlú ni: Ìjọmu, Ìdó, Ìlúdùn, Ọ̀tún àti àwọn yòókù, gbogbo wọn ló sì ń jẹ́ Òrò mọ́ orúkọ tiwọn.

Ilẹ̀ àtijọ́ nilẹ̀ wa. Ní Èsìẹ́ nítòsí wa ni àwọn ère òkúta wà, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, Òyìnbó tó ń bójú tó ilé-ìwé fún ìjọ C.M.S., ló jẹ́ kí ará òde gbọ́ nípa wọn ní ọdún 1933. Nígbà tó di 1945, wọ́n kọ́ ilé fún wọn, òun sì ni ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé ọdún 1960 ni ìtàn wa bẹ̀rẹ̀, kó lọ wo ojú àwọn òkúta yẹn.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ogbó, àdá kan tí Odùduwà fún Ọ̀ràngún, ló ń ṣíwájú rẹ̀ nínú igbó. Ogbó mọ ọ̀nà: ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Ìgbómìnà ti wá. Ogbó mọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà tí Òyìnbó fà sórí ìwé kò mọ̀nà. Ìlọrin ti ń jọba lórí ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà kí Òyìnbó tó dé. Àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897, nígbà tí wọ́n sì dá ìjọba Àríwá sílẹ̀ ní 1900, wọ́n kó àwa àti Ìlọrin síbẹ̀ pọ̀. Ìlá Ọ̀ràngún bọ́ sí òdìkejì, apá ibi tó padà di Ìwọ̀-Oòrùn. Bí ọmọ ìyá kan náà ṣe di ará Àríwá àti ará Ìwọ̀-Oòrùn nìyẹn, láìṣí pé ẹnì kankan kó ẹrù kúrò nílé.

Ẹ lè ní kí ni ìlà orí ìwé jọ. Ó jọ nǹkan o! Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìlá wà nínú rẹ̀, Òrò kò sí nínú rẹ̀. Àbúrò bàbá bàbá mi, obìnrin, wà nílé ọkọ ní Ìlá. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló wọ ilé-ìwé láìsan kọ́bọ̀. Bàbá bàbá mi ní ọmọ mẹ́ta ní Òrò, owó ilé-ìwé ọmọ kan ló sì rí. Bàbá mi ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbé ọkọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé igbá.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn dákẹ́. Ẹgbẹ́ Action Group ń pariwo pé kí wọ́n yí ààlà padà, kí Ìlọrin àti Kàbbà lè bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ tí Sir Henry Willink ṣe alága rẹ̀ wá láti ìlú Òyìnbó ní 1957, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó kéré níye ní gbogbo ilẹ̀ yìí, wọ́n sì gbé ìwé wọn jáde ní 1958. Ààlà kò yí. Bẹ́ẹ̀ ni òmìnira ṣe bá wa ní Àríwá.

Ó wá ku ọjọ́ ọ̀hún. Ní òru mọ́jú ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá, 1960, wọ́n sọ asíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ ní pápá eré ẹṣin l'Ékòó, wọ́n sì fa èyí tí Táíwò Akínkúnmi yà sókè. Ọmọ Yorùbá tó ń kàwé nílùú Òyìnbó ni Akínkúnmi nígbà náà. Ọmọbìnrin ọba Alexandra ló ṣojú Ọbabìnrin, Sir Abubakar Tafawa Balewa ló gba ìwé òmìnira.

Ní Òrò, bàbá mi ní ìwọ̀nba ẹni tó ní asọ̀rọ̀mágbèsì ni èrò rọ́ lọ sílé wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n yan bí ológun, oníkálukú pẹ̀lú asíá pélébé lọ́wọ́. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n jó. Àwọn àgbààgbà jókòó sábẹ́ igi, ọ̀kan nínú wọn sì bèèrè pé, "Òmìnira lọ́wọ́ ta? Ṣé lọ́wọ́ Òyìnbó nìkan ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Ká má purọ́, àwọn ará Ìlọrin kì í ṣe ọ̀tá wa, a jọ ń ná ọjà ni, a jọ ń fẹ́ra. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò pinnu fún wa ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí wọ́n pín kọ́ọ̀pù, ọmọ ilé-ìwé nìkan ni wọ́n fún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú igbá ẹ̀kọ lórí, ó ń wò wọ́n. Bàbá mi sáré délé, ó bu omi, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò mu, pé kọ́ọ̀pù akọ̀wé ni. Ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin bá fẹ́ gbà á, ni ìjà bá dé. Bàbá wọn jáde síta, ó da omi nù, ó sì fi kọ́ọ̀pù kọ́ sára ògiri. Ó ní, "Ọmọ mẹ́ta, kọ́ọ̀pù kan. Ọjọ́ tí kọ́ọ̀pù bá kárí ni ẹ ó fi mumi."

Ẹ̀gbọ́n obìnrin yìí bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Gáánà. Orílẹ̀-èdè yẹn ti gba òmìnira tiwọn láti 1957. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n jáde. Ó padà dé Òrò pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin àti ẹrù kan. "Màmá Kumasi" ni gbogbo wa ń pè é títí tó fi kú.

Nígbà tó fi dé, Nàìjíríà ti yí. Gowon ti dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀ ní 1967, a ti bọ́ sí Kwara, ọmọ Òmù-Àrán, David Bámigbóyè, ló sì kọ́kọ́ ṣe gómìnà rẹ̀. Ọmọ Ìgbómìnà lórí àga! Ayọ̀ ọ̀hún pọ̀. Ní 1976, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ wá kárí gbogbo ilẹ̀ yìí, àbíkẹ́yìn Màmá Kumasi sì wọ ilé-ìwé láìsanwó. Ọdún 21 lẹ́yìn Ìlá nìyẹn. Ìlá ní tirẹ̀ ti wà ní Ọ̀ṣun láti 1991. Ìlà Òyìnbó ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin bi mí pé ìgbà wo la máa wá fi kọ́ọ̀pù yìí mumi. Mo mú un lọ wo àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń yan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ọmọdébìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ gbé atẹ ẹ̀pà sórí, ó ń wò wọ́n. Mo ra ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a délé, ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló nu kọ́ọ̀pù, tó sì gbé e padà sórí ògiri.