Ọwọ́ Ìyá àti Inú Rírun Ọmọge
Kí ilé-ìwé tó pọ̀ ní abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ni ọmọge ti ń kọ́ bí a ti ń fi òrí wọ́ ìsàlẹ̀ ikùn nígbà nǹkan oṣù. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, ilé-ìwé gba ọ̀sán ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Mo gbà pé ẹ̀kọ́ yìí wà lára ohun tó bọ́ sáàárín. Ní 1957, ọdún tí wọ́n ṣí UCH n'Íbàdàn, Pickles ní Bìrìtéènì rí èròjà tí ń mú iṣan súnkì nínú ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù. Ilé-ọmọ tó ń súnkì ló ń fa ìrora. Ọwọ́ àti ìgbóná a máa dẹ̀ ẹ́. Kí olùkọ́ àti ìyá jọ kọ́ ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ìrora tó bá ń le sí i lóṣooṣù, ti dókítà ni.