Owó Ìrànwọ́ àti Àwọn Tí Ń Ṣọ́ Ohun Àbáláyé: Láti Èsìẹ́ dé Òṣogbo

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn láti ọdún 2005 tí àjọ UNESCO ti kéde Ifá mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tó yẹ kí gbogbo ayé pa mọ́. Níbi tí a bá jókòó sí, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó béèrè pé, “Owó rẹ̀ wá dà?” Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fojú kan wo àwọn àgbà awo, wọ́n rò pé owó ti dé, wọ́n sì ti pín in jẹ. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ó ní ìtàn lẹ́yìn. Owó ìrànwọ́ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà nílẹ̀ wa fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún. Bí a bá wo bí wọ́n ti ṣe ń ná an, a ó rí i pé ilé àti ère ni owó náà mọ̀ dáadáa. Ẹni tó mọ oríkì ère náà, tó mọ ọjọ́ tí à ń bọ ọ́ àti ohun tí à ń fi bọ ọ́, owó náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ilé rẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà náwó lé ìmọ̀ lórí. Ọmọ-awo tó bá lọ kọ́ Ifá kì í san owó ilé-ìwé. Ilé ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń gbé, ó ń bá a roko, ó ń gbé àpò tẹ̀lé e lọ sóde awo, ọ̀gá náà sì ń bọ́ ọ. Ọdún mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọdún Ifá bá dé, ọba ìlú ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ mú wá, ìdílé kọ̀ọ̀kan náà sì ní tirẹ̀. Kò sí ìwé àdéhùn níbẹ̀, àmọ́ kálukú mọ ohun tí ó kàn án. Ẹnu tó ń kì Ifá ni wọ́n kọ́kọ́ ń bọ́. Ọ̀rọ̀ ọpọ́n àti ìrọ́kẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nìyẹn bí a ti ń lọ.

Èsìẹ́, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni wọ́n ti ṣí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní 1945. Àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rin (800), tọkùnrin tobìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí, àwọn kan mú idà lọ́wọ́. Ní 1933 ni H. G. Ramshay, alábòójútó ilé-ìwé, rí wọn tó sì fi tó ìjọba létí, ni àwọn ìwé òyìnbó bá ń sọ pé ó “ṣàwárí” wọn. Ṣé ohun tí ìlú ń bọ ni à ń ṣàwárí? Àwọn ará Èsìẹ́ ti ń ṣọdún fún àwọn ère náà tipẹ́, wọ́n sì ní ìtàn tiwọn pé àlejò ni wọ́n nígbà kan rí kí wọ́n tó di òkúta. Ilé tí ìjọba kọ́ gba àwọn ère náà lọ́wọ́ òjò àti lọ́wọ́ àwọn olè, a kò lè bú wọn fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ohun tí ìlú ń bọ ti di ohun tí ìjọba ń kà ní oókan, eéjì. Ọdún ère náà kò parẹ́, nítorí pé ìlú kò jẹ́ kí ó parẹ́.

Ti Ilé-Ifẹ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmoníje kan àwọn orí idẹ nínú ilẹ̀. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó wá ń kọ́ nípa Ifá ní Ifẹ̀ nígbà náà, ra méjì nínú wọn lọ sí ìlú rẹ̀, ó sì di 1950 kí wọ́n tó padà wálé. Ọ̀rọ̀ bí èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba àmúnisìn dá ẹ̀ka ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1943 lábẹ́ Kenneth Murray. Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní 1953, wọ́n sì ṣí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Ifẹ̀ ní 1954, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, lásìkò Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Ẹ kíyè sí ibi tí ilé náà wà. Àwọn orí náà kò jìnnà sí ọwọ́ ẹni tí ó ni wọ́n.

Síbẹ̀, kíkọ́lé ò tó. Lẹ́yìn tí Òfin 77 ti ọdún 1979 dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ni ó ń fún àwọn ilé wọ̀nyí lówó iṣẹ́ láti ọdún dé ọdún, bí owó bá sì gbẹ lókè, ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Láàrín 1993 sí 1994, àwọn olè fọ́ ilé ti Ifẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n kó àwọn orí alámọ̀ tí a kò lè fowó rà lọ. Ó rọrùn láti rí owó ọjọ́ ìṣílé, tí àwọn ọlọ́lá yóò wá gé rìbọ́nnì. Owó aṣọ́lé òru, owó àgádágodo, owó òrùlé tó ń jò, ta ni ń dìde fún ìyẹn?

Ní 1956, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá sílẹ̀, wọ́n fi Sàbúrì Bíòbákú ṣe olórí rẹ̀. Níbí ni owó ìjọba ti kọ́kọ́ dojú kọ ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an: ìtàn, oríkì, orin, Ifá. Ìwé tí Bíòbákú ṣe olóòtú rẹ̀, Sources of Yoruba History, jáde ní 1973, Wándé Abímbọ́lá sì wà lára àwọn tó kọ ọ́, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹsẹ Ifá gẹ́gẹ́ bí orísun ìtàn. Inú wa dùn sí ìwé náà títí di òní. Ohun ńlá ni pé wọ́n gbà pé ohun tí babaláwo mọ̀ sórí tó ìwé. Abímbọ́lá dárúkọ àwọn babaláwo tó kọ́ ọ nínú àwọn ìwé tirẹ̀, ọ̀pọ̀ olùwádìí mìíràn ò sì ṣe bẹ́ẹ̀. “Baba arúgbó kan sọ fún wa” ni wọ́n kọ. Àmọ́ bóyá wọ́n dárúkọ, bóyá wọn ò dárúkọ, ètò tí owó ìwádìí ń tẹ̀ lé kò yí padà: olùwádìí ní owó ọkọ̀, ó ní owó ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó ní owó ìtẹ̀wé. Ẹni tó jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ tó ń kì fún un, ọtí àti obì ni a fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a tún máa wo ọwọ́ tí owó ti ń wá. Ẹgbẹ́ Mbari tí àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961 gba owó lọ́wọ́ Congress for Cultural Freedom. Iṣẹ́ rere ni wọ́n fi ṣe, láti ibẹ̀ sì ni Mbari Mbayọ̀ ti Òṣogbo ti yọ ní 1962. Nígbà tó di 1967, gbogbo ayé ti wá mọ̀ pé àjọ amí Amẹ́ríkà, CIA, ni ó ń ti owó sọ́wọ́ Congress náà láti ẹ̀yìn. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa sá fún owó àlejò. À ń sọ pé ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ lè sọ, láìwo ilẹ̀, ẹni tó fún òun.

Òṣogbo ni ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù wà fún wa. Susanne Wenger, Àdùnní Olóòrìṣà, dé Nàìjíríà ní 1950. Òun pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí Adébísí Àkànjí, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé tún àwọn ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun ṣe nígbà tí àwọn kan ń gé igi rẹ̀ tí wọ́n sì ń wá ilẹ̀ rẹ̀ rà. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1992 títí ó fi tó hẹ́kítà 75, ó sì wọ ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Gbogbo orúkọ ńlá wọ̀nyí, òjò kò mọ̀ wọ́n. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà. Bí omi bá ti rí ojú ihò, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí ojúbọ Busanyin nínú igbó náà bàjẹ́, owó tí wọ́n fi tún un ṣe wá láti inú àpò ìrànwọ́ tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2001, tí àwọn aṣojú ìjọba wọn ní ilẹ̀ òkèèrè ń béèrè fún. Ẹ jẹ́ kí a ka ìlànà owó náà dáadáa. Títún ohun àtijọ́ ṣe ni ó wà fún. Kò sí fún kíkọ́ ilé tuntun. Ojúbọ lè jẹ nínú rẹ̀ nítorí ìtàn àti iṣẹ́ ọnà rẹ̀, kò lè jẹ nítorí ẹbọ. Èyí túmọ̀ sí pé owó lè tún ògiri Ọ̀sanyìn mọ, ṣùgbọ́n kò lè ra àkùkọ fún un. A kò bínú sí ìyẹn. Òfin ilẹ̀ wọn ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni yóò kọ ìwé ìbéèrè tí wọn kò ní kà dé ìdajì.

Àwọn ọmọ ìyá wa ní Bahia gba ọ̀nà mìíràn. Ilé Ìyá Nàsó, tí wọ́n ń pè ní Casa Branca ní Salvador, wà nínú ewu nítorí pé ilẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ òrìṣà níbẹ̀. Ilé epo mọ́tò kan tilẹ̀ wà ní iwájú rẹ̀. Ní 1984, ìgbìmọ̀ ohun àjogúnbá ti ìjọba Brazil jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan nínú wọn ní a kò lè fi òfin de ilé ẹ̀sìn tó ṣì wà láàyè, nítorí pé ohun alààyè a máa yí padà. Ìbò díẹ̀ ni ilé náà fi yege, òun sì ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba náà fọwọ́ sí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé náà ni wọ́n lọ sọ ẹjọ́ ara wọn, àwọn ọ̀mọ̀wé sì dúró tì wọ́n. Ní Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, Ìyá Stella dá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí sílẹ̀ nínú ọgbà òrìṣà gan-an, ó sì sọ ọ́ ní Ilé Ohun Láéláé. Ìyálóòrìṣà ni ó mọ ohun tó yẹ kí àlejò rí àti ohun tí aṣọ yóò máa bò.

A wá padà sórí ìbéèrè àkọ́kọ́. Orúkọ Ifá tó wọ ìwé UNESCO ní 2005, tí wọ́n sì tò mọ́ ìwé tuntun ní 2008, kò gbé owó kankan dání fúnra rẹ̀. Àpò ìrànwọ́ wà lábẹ́ àdéhùn ọdún 2003, ṣùgbọ́n ìjọba orílẹ̀-èdè ni ó ń béèrè nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ awo kan kò lè dá kọ̀wé sí i. Bí ohun tí a béèrè kò bá kọjá 100,000 dọ́là, àwọn aṣojú díẹ̀ ló ń dájọ́ rẹ̀, ó sì yá ju èyí tó pọ̀ lọ. Àdéhùn náà ní kí ìjọba fi àwọn tó ni àṣà sí iwájú nínú ètò ìtọ́jú rẹ̀. Àyè wa nìyẹn. Bí a kò bá dìde gbà á, ọ́fíìsì kan ní Àbújá lè kọ ọ́ fún wa, kí ó sì jẹ́ ilé tuntun àti àpérò ọlọ́jọ́ méjì ni wọn yóò fi ṣe.

Ìṣòro tí a rí jù ni ti àkókò. Ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ kì í ju ọdún kan tàbí méjì lọ, akọ̀wé sì gbọ́dọ̀ fi hàn ní ìparí pé iṣẹ́ ti pé. Ọmọ-awo ò lè pé láàrín ọdún méjì. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ béèrè yóò ní láti gé iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́: oúnjẹ àti owó oṣù fún àgbà awo kan pẹ̀lú ọmọ-awo mẹ́ta fún ọdún kan, odù tí wọn yóò parí, ẹ̀rọ tí yóò gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí ìlú náà sì ti fi ọwọ́ sí i pé òun ni yóò máa bọ́ wọn lọ láti ọdún kejì, bí ó ti rí láyé àtijọ́. Kí orúkọ ìgbìmọ̀ wà nínú ìwé ìjọba, kí ó ní àpò owó ní báńkì tí ènìyàn méjì ń fọwọ́ sí, kí àkọsílẹ̀ ìnáwó sì wà tí ọmọ ẹgbẹ́ lè béèrè láti rí.

Kí ìwé àdéhùn tó di títẹ̀, kí àwọn àgbà jókòó, kí wọ́n ya ohun tí ó jẹ́ ti igbódù sọ́tọ̀, èyí tí ẹ̀rọ kankan kò gbọ́dọ̀ yà. Ẹ̀dà kan nínú gbogbo ohùn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ yóò wà ní ilé babaláwo tó kì í, orúkọ rẹ̀ yóò sì wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ́ òun náà.